Ilé Oògùn Kò Gbọdọ̀ Ta Sìgá

Bí ẹnì kan bá wúkọ́ mọ́jú, níbo ni yóò lọ? Yóò lọ sí ilé oògùn, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní kẹ́mísì. Ó gba apòògùn gbọ́. Bí apòògùn bá ní kí ó lo oògùn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, yóò lò ó.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n a máa ta sìgá pẹ̀lú oògùn. Ẹni tó wá ra oògùn ikọ́ lè ra sìgá kí ó tó jáde.

Kí ló burú níbẹ̀? Èéfín tábà ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn jẹ́. Láti 1964 ni olórí dókítà ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé ìwé jáde pé sìgá ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Tábà a sì máa di bárakú. Oògùn wà tí ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú rẹ̀, ilé oògùn ni wọ́n sì ti ń rà á. Bí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ bá tún bá sìgá pàdé níbẹ̀ ńkọ́? Ọkàn rẹ̀ á tún fà sí i.

San Francisco ni ìlú tó kọ́kọ́ ṣòfin sí i ní Amẹ́ríkà, ní 2008. Boston tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ Walgreens, tó ní ilé oògùn púpọ̀, pe San Francisco lẹ́jọ́. Wọ́n ní: “Ṣúpámákẹ́ẹ̀tì tí apòògùn wà nínú rẹ̀ ń ta sìgá. Èé ṣe tí ẹ fi dá àwa nìkan dúró?” Ní 2010, kóòtù rí i pé ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìlú kò torí èyí pa òfin náà rẹ́. Ńṣe ni wọ́n mú un gbòòrò, kí ó lè kan ṣúpámákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ náà.

Ní 2014, ilé-iṣẹ́ CVS fúnra rẹ̀ kó sìgá kúrò nínú ilé oògùn rẹ̀ tó ju 7,600 lọ. Ó mọ̀ pé ọjà tó tó bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ́dún yóò bọ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn olóògùn ńlá mìíràn kò tẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣe rere pàdánù. Ẹni tí kò ṣe é ń pawó lọ.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ìdí nìyí tí òfin ìpínlẹ̀ fi wúlò. Ní Massachusetts, ọ̀pọ̀ ìlú ti ṣòfin tiwọn, ṣùgbọ́n ìlú kejì lè máa tà á. Ní oṣù keje 2018, Gómìnà Charlie Baker fọwọ́ sí òfin kan fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà. Massachusetts ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. New York ṣe tirẹ̀ ní 2020. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù, wọ́n ṣì ń tà á.

Àwọn kan a máa wí pé: “Ẹni tó fẹ́ mu sìgá á rí i rà níbòmíràn.” Òótọ́ ni. Òfin yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Ohun tó wí ni pé ibi tí a ti ń wá ìwòsàn kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí a ti ń ra àìsàn. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Ìlú wo ló kọ́kọ́ ṣòfin yìí ní Amẹ́ríkà?
2. Kí ni Walgreens rojọ́ lé lórí?
3. Èé ṣe tí òfin ìlú kan ṣoṣo kò fi tó?
4. Bí ẹ bá ní ilé oògùn, ṣé ẹ ó ta sìgá? Ẹ kọ ìdí yín sílẹ̀.