Ìṣirò Omi Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Oníṣòwò a máa kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a máa ṣe sí omi.

Láti ọdún 2015 títí di ọdún 2017, òjò ṣọ̀wọ́n ní ìlú Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn adágún tí ìlú náà ń mu sì fà gidigidi. Àwọn alákòóso ń kéde iye omi tí ó kù àti iye tí ìlú ń lò. Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ju lítà 50 lọ lóòjọ́. Omi tí ìlú ń lò dín sí bí ìdajì ti ọdún 2015, kò sì tán títí òjò fi dé.

Baálé ilé pẹ̀lú lè ṣe irú ìṣirò yìí. Kí ó mọ iye garawa tí táńkì rẹ̀ gbà, kí ó sì fi àmì sí ọ̀pá kan tí yóò máa fi wọn omi inú rẹ̀ ní alaalẹ́. Kí gbogbo ará ilé máa kọ iye garawa tí wọ́n bù. Bí omi tí ó dín bá ju èyí tí a kọ lọ, táńkì ń jò, tàbí ẹnìkan bù ú láì kọ ọ́: kí a wá ìdí rẹ̀.

Bí ó bá ku garawa 90, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ku ọjọ́ 30, garawa 3 ni ìpín òòjọ́. Bí ilé bá ń lo garawa 5, omi yóò tán lẹ́yìn ọjọ́ 18. Kí a tètè dín ti ìfọṣọ àti ti ọgbà kù, kí omi mímu má baà wọ́n àwọn ọmọ.