Kí Ni Ó Dá Wa Lójú Pé Ọmọ Mọ̀?

Nígbà tí ọmọ bá dáhùn dáradára, kí ni ó dá wa lójú pé ó mọ ohun tí ó wí?

Ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, olùkọ́ ìṣirò kan wà tí ó ti fẹ̀yìntì, Wilhelm von Osten ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ́ ẹṣin rẹ̀, Hans, ní ìṣirò. Bí a bá bi Hans pé mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ mélòó, yóò fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ní ọdún 1904 ìgbìmọ̀ kan wò ó, wọn kò sì rí ẹ̀tàn níbẹ̀. Lóòótọ́, bàbá náà kì í ṣe ẹlẹ́tàn.

Ṣùgbọ́n Oskar Pfungst wá ìdánwò tí Hans lè kùnà nínú rẹ̀. Ó mú kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn béèrè ìbéèrè: Hans ṣì í. Ó dí ojú ẹṣin náà kí ó má baà rí olùbéèrè: Hans tún ṣì í. Nígbà náà ni ó ṣe àkíyèsí pé bí iye náà bá ti pé, olùbéèrè a gbé orí sókè díẹ̀, láìmọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ènìyàn ni Hans ń kà! Pfungst tẹ èyí jáde ní 1907. Von Osten kò gbà títí ó fi kú ní 1909.

Karl Popper, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1934, kọ́ni pé ẹ̀rí púpọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ń wá òtítọ́ ní láti wá ìdánwò tí ó lè bi èrò òun fúnra rẹ̀ wó.

Nígbà ìdánrawò ìkọ́ni, mo kọ́ kíláàsì kejì ní ìyọkúrò. Gbogbo ọwọ́ ni ó ń gòkè, inú mi dùn, mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé ẹ̀kọ́ náà yé wọn. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn Hans, mo kọ ìbéèrè kan náà sínú bébà, mo sì jáde síta kí wọn má baà rí ojú mi. Kò tó ìdajì wọn tí ó gbà á. Ẹnìkan lè wí pé ọmọ kì í ṣe ẹṣin: ó mọ̀ pé a ń dán òun wò, ìbẹ̀rù sì lè gba ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe tún un ṣe ní ọjọ́ kejì, bí eré, kí wọ́n máa bi ara wọn. Díẹ̀ ni ó fi sàn.

Mo lọ bẹ olùkọ́ tí ń bójú tó mi pé kí ó dá ìròyìn mi padà kí n lè tún un kọ.