Ìgbà Ooru Kan Nínú Ilé Martin
Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ



Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn ọmọ a padà sílé. Ilé a kún, ariwo a pọ̀, owó oúnjẹ a sì lé sí i. Àwọn òbí mìíràn a tilẹ̀ máa ka ọjọ́ títí ilé ẹ̀kọ́ yóò fi tún wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a wo ìdílé kan, kí a lè mọ ohun tí oṣù mẹ́ta péré lè jẹ́ nínú ayé òbí àti ọmọ. Ìdílé náà ni ti Louis Martin àti Zélie aya rẹ̀, ní ìlú Alençon ní ilẹ̀ Faransé. Àkókò náà ni oṣù kẹfà títí dé ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1877. Ìgbà òjò ni àwọn oṣù wọ̀nyí ní ilẹ̀ wa; ní ilẹ̀ tiwọn, ìgbà ooru ni.

Oníṣẹ́ aago ni Louis. Zélie a máa ṣe léèsì, irú èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe, tí a fi ń mọ ìlú Alençon. Ní òru ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje ọdún 1858 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí. Mẹ́rin kú ní kékeré. Àwọn ọmọbìnrin márùn-ún tí ó kù ní ọdún 1877 ni Marie, ọmọ ọdún 17. Pauline, ọmọ ọdún 15. Léonie, ọmọ ọdún 14. Céline, ọmọ ọdún 8. Àti Thérèse àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 4, tí gbogbo wa mọ̀ lónìí sí Tèrésà Mímọ́ ti Ọmọ Jésù.

Ní ìparí ọdún 1876 ni ó hàn gbangba pé kókó tí ó wà ní ọmú Zélie ti di àrùn ńlá. Jẹjẹrẹ ni. Àwọn oníṣègùn rí i pé iṣẹ́ abẹ kò lè ṣe é ní àǹfààní mọ́. Ẹni ọdún 45 ni nígbà náà.

Ìbànújẹ́ mìíràn tún wà nínú ilé náà. Léonie jẹ́ ọmọ tí ó ṣòro láti tọ́. Ìyá rẹ̀ gbàdúrà, ó bá a wí, ó tún rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣùgbọ́n kò rí ìdí ọ̀ràn náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1877, Marie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ṣàkíyèsí pé ìránṣẹ́bìnrin ilé ti ń fi ìbẹ̀rù mú ọmọ náà sìn ní ìkọ̀kọ̀, débi pé òun nìkan ni Léonie ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni Zélie ti fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Léonie kò sì fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá: àkókò tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà ọkàn ọmọ rẹ̀ gan-an ni ikú dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí Léonie yìí ni Zélie ṣe ń fẹ́ kí Ọlọ́run fi ọjọ́ kún ọjọ́ òun.

Ní oṣù kẹfà, ó mú Marie, Pauline àti Léonie, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ lọ sí Lourdes, níbi tí Ìyá wa Màríà ti fara han Bernadette ní ọdún 1858. Ọ̀nà jìn, ara ń ro ó, ìnira sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbà mẹ́rin ni ó wọ inú omi náà. Kò rí ìwòsàn. Bí ó ti lọ ni ó ṣe padà, pẹ̀lú àárẹ̀ kún àárẹ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí ojú ìkorò. Ó rán wọn létí pé Màríà kò ṣèlérí ayọ̀ ayé yìí fún Bernadette, bí kò ṣe ti ayé tí ń bọ̀.

Ará mi, kí ni ènìyàn yóò ṣe lẹ́yìn tí ó ti lọ sí Lourdes tí kò rí ìwòsàn? Ẹ wo ohun tí ìdílé yìí ṣe. Marie ń kọ́ Céline àti Tèrésà ní ìwé nílé. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, ó ní ìsinmi kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí ọjọ́ pípín ẹ̀bùn, gẹ́gẹ́ bí ti ilé ẹ̀kọ́ ńlá. Ó ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́, ó to àwọn ẹ̀bùn sílẹ̀, ó sì fi baba àti ìyá jókòó sí ipò ọlá. Àwọn ọmọdé méjèèjì jáde, wọ́n sì gba ẹ̀bùn wọn. Zélie tí ó kù díẹ̀ kí ó kú jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alága, ó ń yọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ó lọ sí Mísà òwúrọ̀. Louis ni ó tì í lẹ́yìn lọ. Kò ní agbára láti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni àlùfáà fi òróró mímọ́ kùn ún, tí gbogbo àwọn ọmọ kúnlẹ̀ yí ibùsùn ká. Ní òru mọ́jú ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, ó sùn nínú Olúwa. Baba gbé Tèrésà lọ́wọ́ kí ó lè fi ẹnu kan iwájú orí ìyá rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ọmọ márààrún ń wo ara wọn. Céline dì mọ́ Marie, ó ní òun ni yóò jẹ́ ìyá fún òun. Tèrésà yíjú sí Pauline, ó yàn án ní ìyá tirẹ̀. Nínú oṣù kọkànlá, Louis kó gbogbo wọn lọ sí Lisieux, kí wọ́n lè wà nítòsí àbúrò ìyá wọn ọkùnrin àti aya rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2015, Póòpù Francis kéde Louis àti Zélie pọ̀ ní ẹni mímọ́.

Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́?

Èkíní: kì í ṣe ọjọ́ tí a pa màlúù nìkan ni ọjọ́ pàtàkì nínú ìdílé. Kò sí èrò ìta níbi pípín ẹ̀bùn tí Marie ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ná owó ńlá sí i. Síbẹ̀, òun ni ayẹyẹ ìkẹyìn tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe lójú ìyá wọn. Bí wọ́n bá ti dúró de ìgbà tí ara ìyá yóò yá, wọn ì bá má ṣe é láéláé.

Èkejì: ẹ mọ ọmọ yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Zélie wà nílé, síbẹ̀ ohun tí ń jẹ Léonie níyà pamọ́ fún un. Bí ọmọ kan bá ya olórí kunkun, kí a tó pè é ní ọmọ burúkú, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ń bá a gbé nígbà tí a kò sí nítòsí. Léonie kan náà yìí ni ó gbìyànjú ìgbé ayé àwọn sísítà nígbà mẹ́ta tí kò dúró, tí ó wọlé nígbà kẹrin ní ọdún 1899, tí ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1941.

Ẹ̀kẹta: ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kọ́ bí a ti ń gbé àbúrò rù. Tèrésà rí ìyá mìíràn ní ọjọ́ ìsìnkú nítorí pé ìyá tí ó bí wọn ti kọ́ àwọn àgbà ọmọ ní ìfẹ́ kí ó tó lọ. Ogún tí a kì í pín ní kóòtù ni èyí.

Ẹ̀kẹrin: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́tà Zélie tí ó ju 200 lọ ni ó ṣẹ́kù, nípa eyín ọmọ, ibà, Mísà àti ọjà léèsì. Àwọn wọ̀nyí ni a fi mọ irú ilé tí Tèrésà ti jáde.

Nítorí náà, kí ìsinmi yìí tó parí, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe ohun mẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí, ìrìbọmi àti Kòmúníọ̀n àkọ́kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan tí a ó máa tọ́jú sílé. Kí baba tàbí ìyá pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ láìkánjú. Kí gbogbo ilé sì jọ ka Rósárì ní ìrọ̀lẹ́ kan, títí kan àwọn tí ń bá yín gbé. Ẹni tí ó bá ní aláìsàn nílé, kí ó bẹ Ọlọ́run fún ìwòsàn láìṣàárẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tìtorí iṣẹ́ ìyanu tí ó ń dúró dè sọ ọjọ́ òní nù.

Louis Mímọ́ àti Zélie Mímọ́, ẹ gbàdúrà fún àwọn ilé wa. Àmín.