Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀rẹ́ Méjì Nínú Ọkọ̀ Kan

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ méjì tẹ́ ẹ fẹ́ jọ wọ ìdíje ọkọ̀ wíwà ọlọ́jọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi òwe yìí sọ́kàn kí ẹ tó ra àjẹ̀. Ohun tó sábà máa ń tú irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ká láàárín ọ̀nà ni ìrora kékeré tí ẹnì kan mọ̀ lára rẹ̀, tó sì gbé e mì.

Ẹ wo Texas Water Safari ní Amẹ́ríkà. Èèyàn méjì nínú ọkọ̀ kan ló bí ìdíje náà. Lọ́dún 1962, Frank Brown àti Bill George gbé ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì sómi ní San Marcos, wọ́n sì wà á dé Corpus Christi létí òkun. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n lò. Ọdún kejì ni wọ́n pe àwọn ẹlòmíràn wá síbi ìdíje. Lónìí, máìlì 260 ni, láti orísun odò San Marcos, gba inú odò Guadalupe, títí dé ìlú Seadrift, wákàtí 100 péré sì ni gbèǹdéke rẹ̀. Ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà kan parí rẹ̀ ní wákàtí 29 àti ìṣẹ́jú 46 lọ́dún 1997. Báàjì aláṣọ kékeré ni wọ́n ń fún ẹni tó bá parí. Nítorí rẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń gbé ọkọ̀ lé èjìká kọjá dáàmù, tí wọ́n ń wọ́ ọ gun òkìtì igi tí omi kó jọ, tí èèrà tó ń ta bí iná ń jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀, nínú oòrùn oṣù kẹfà.

Ọ̀rọ̀ àyè ìjókòó kò gùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni ìdí ọkọ̀ ló ń darí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìlàjẹ ti mọ̀. Ẹni iwájú ló ń kọ́kọ́ rí òkúta àti kùkùté, òun ló sì yẹ kó kígbe. Ẹ má fi ọjọ́ orí pín in, ẹ má sì fi owó ẹni tó ra ọkọ̀ pín in. Ẹ jọ wà á dáadáa nílé, kí ẹ wo ibi tí ọwọ́ kálukú gbé dára.

Ìrora ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ká ní ìléròrò yọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ lọ́sàn-án Sátidé tí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ ó fi nu ún gbẹ, tí ẹ ó fi lẹ bándéèjì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, kò fẹ́ kí o rò pé ọ̀lẹ lòun. Tó bá fi máa di àárọ̀ Sọ́ńdè, awọ ti bó, kò lè di àjẹ̀ mú mọ́, ìwọ nìkan lò ń wà. Ọ̀rẹ́ tó ń ráhùn sàn ju èyí tó ń fi ara pamọ́ lọ, mo sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Ewu ooru tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹnì kan kò bá tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, tí oúnjẹ ń kọ̀ ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ẹ sún mọ́ èbúté, ẹ wá ibòji. Ẹ bá ara yín ṣàdéhùn nílé pé wákàtí kọ̀ọ̀kan, kálukú á sọ bó ti mu omi sí, bó ti jẹun sí, àti ibi tó ń dùn ún. Kò sí ẹ̀sín nínú ìdáhùn.

Òru kejì ni ahọ́n máa ń yọ. Oorun á ti pọ̀ lójú débi pé àwọn kan ń rí ilé àti ẹranko tí kò sí létí odò. Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ líle ló ń yọ ọfà lápó. Ẹ pinnu ṣáájú ẹni tí yóò pàṣẹ ìdúró, kí ẹ sì gbà pé bí ẹnì kan bá ní ó tó, ẹnì kejì kò ní bá a jiyàn nínú òkùnkùn. Kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Tó bá jẹ́ Texas Water Safari lẹ wọ̀, lẹ́yìn odò, ọ̀sà San Antonio ló kù kí ẹ tó dé Seadrift. Afẹ́fẹ́ máa ń ru ú sókè, ọkọ̀ sì máa ń kún fómi níbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé lẹ ó gbéra, aago kan ọ̀sán Ọjọ́rú ni wákàtí 100 pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí tán kí Sátidé tó dé.