Wíwá Máàkì Tó Kù: Ìpíndọ́gba fún Ìdánwò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Zone 4, ní Marcory, pàápàá ẹ̀yin tí òbí yín ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sí Abidjan láti Èjìgbò, ẹ̀yin ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Máàkì lórí 100 lẹ mọ̀ nílé. Lórí 20 ni tibí. Ẹni tó fẹ́ yege nínú baccalauréat, ìpíndọ́gba rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní moyenne, gbọ́dọ̀ tó 10. Ṣé a jọ ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ ọlọ́jà pọ̀ nínú yín. Ẹ bá màmá yín tajà fọ́jọ́ mẹ́ta: èrè ọjọ́ kìíní jẹ́ 2 000 sefà, ti ìkejì 3 000, ti ìkẹta 7 000. Àpapọ̀ jẹ́ 12 000. Ẹ pín in sọ́nà 3, ó di 4 000: ìpíndọ́gba nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjọ́ tí èrè jẹ́ 4 000 gan-an. Ẹ wá yí i padà: 4 000 lọ́nà 3, 12 000 tún dé. Ìyípadà yìí ni màá lò títí dópin. Bí kò bá tíì yé yín, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kọjá.

Ó kan máàkì tí a kò tíì mọ̀. Ẹ gba 9, 12 àti 8 nínú iṣẹ́ mẹ́ta. Èló lẹ gbọ́dọ̀ gbà nínú ìkẹrin kí ìpíndọ́gba lè jẹ́ 10? Ẹ má méfò. Iṣẹ́ 4, 10 lọ́kọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 40. 29 ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pe èyí tó kù ní x; kì í ṣe àdììtú, orúkọ máàkì tí kò tíì dé ni.

29 + x = 40

Ẹ yọ 29 kúrò lápá méjèèjì: x = 11. Ṣé ẹ rí ibi tí 40 ti wá?

Wàyí o, ibi tó le. Iṣẹ́ kan a máa wúwo ju òmíràn lọ. Nọ́ńbà tó ń sọ èyí ni wọ́n ń pè ní coefficient. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwúwo. Ká ní ti ìṣirò jẹ́ 4, ti Faransé 3, ti Gẹ̀ẹ́sì 2. Ẹ gba 8 nínú Faransé, 9 nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èló ni ìṣirò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ tó lè ní 10? Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ fi 3 pín, torí iṣẹ́ mẹ́ta ni. Ìyẹn á fún yín ní 13, ìbẹ̀rù lásán! Ìwúwo 4 ń sọ pé kí ẹ ka máàkì náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Nítorí náà 4 + 3 + 2 = 9 lẹ óò fi ka iṣẹ́, àpapọ̀ á sì jẹ́ 9 × 10 = 90. Faransé mú 24 wá, Gẹ̀ẹ́sì mú 18, ó di 42.

4x + 42 = 90
4x = 48
x = 12

Ṣé ẹ ṣì wà pẹ̀lú mi?

Ẹ̀yin ló kù. Nínú kíláàsì kan, ìpíndọ́gba ọkùnrin 20 jẹ́ 9, ti obìnrin 30 jẹ́ 12. Kí ni ti gbogbo kíláàsì? Bí ẹ bá rí 10,5 (kọ́mà ni wọ́n ń lò níbí dípò àmì tótó), ẹ ti gbàgbé pé obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Ẹ wá àpapọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 50 pín in, kí ẹ wò ó bóyá 10,8 ló jáde.