Kẹ̀kẹ́ Ọkọ̀ Eré-ìje Onígi àti Orúkọ tí ó Yẹ Ìfaragbora

Ní ọdún 1953, ní ìlú Manhattan Beach ní Kalifọ́níà, Don Murphy dá eré-ìje kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ Síkáòtù. Pinewood Derby ni wọ́n ń pè é. Ọmọ kọ̀ọ̀kan a máa gbẹ́ ọkọ̀ láti ara igi páínì, a sì fi ìṣó mẹ́rin kan kẹ̀kẹ́ oníke mẹ́rin mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Gíga ibi tí ó ti gbéra ni ó fún un ní agbára. Òfin kò gbà kí ó wúwo ju áúńsì 5 lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí gíráàmù 142. Nítorí náà, agbára tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mú gbéra fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tí ó bá ṣòfò lójú ọ̀nà ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Ìdí ìṣó ni òfò náà pọ̀ sí. Lábẹ́ orí ìṣó, ilé-iṣẹ́ a máa fi ẹ̀gún irin wẹ́wẹ́ sílẹ̀, tí í máa ha ìdodo kẹ̀kẹ́. (Ìdodo ni a pe àárín kẹ̀kẹ́ níbi tí ihò wà, ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó sàn jù, kí ó mú un wá.) A ó fi fáìlì gé ẹ̀gún náà kúrò, a ó ki ìṣó bọ ẹnu ẹ̀rọ ìlu-ihò kí ó máa yí, a ó sì fi sáńpépà bó o, láti orí èyí tí ó le dé orí èyí tí ó kúnná jù lọ, títí yóò fi máa dán bíi dígí. A ó mú inú ihò kẹ̀kẹ́ náà jọ̀lọ̀, a ó sì da lúbúlúbú gíráfáìtì sí i. Ọ̀pọ̀ òfin eré náà kò gba epo. Kí olùtumọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín: gíráfáìtì ni dúdú inú pẹ́ńsù, kábọ́nù sì ni, kì í ṣe òjé rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ òjé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Kí ni a ó wá pe ohun tí gíráfáìtì ń dín kù? Ó rọrùn láti pè é ní 'ìdádúró'. A kò fara mọ́ ọn. Ní ìdí ìṣó, lóòótọ́, ó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ní etí kẹ̀kẹ́, níbi tí ó ti kan ọ̀nà, òun gan-an ni ó ń mú kẹ̀kẹ́ yí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ńṣe ni kẹ̀kẹ́ yóò kàn máa yọ̀ lọ láìyí. Ọmọ tí a bá kọ́ ní 'ìdádúró' kò ní lè lóye èyí láéláé. 'Ìfaragbora' ni a dábàá: kò sọ pé ó dára tàbí pé kò dára. Níbi tí ojú méjì bá ń yọ̀ lórí ara wọn, bí ìṣó nínú ihò, kí a pè é ní ìfaragbora arìn. Níbi tí wọ́n bá di ara wọn mú láìyọ̀, bí etí kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà, ìfaragbora adúró.

Àwọn kan a tún máa gbé kẹ̀kẹ́ iwájú kan sókè díẹ̀ kí ó má kan ọ̀nà, kí agbára kankan má baà lọ sí yíyí rẹ̀. Kí olùkọ́ bi ọmọ pé irú ìfaragbora wo ni ó wà lára kẹ̀kẹ́ yẹn nígbà tí kò bá yí.