A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ọ̀dọ́ Mọ́lété ní Ìbàdàn tó ní kọ̀ǹpútà géèmù tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ń wọ́, graphics card olówó ńlá ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àrùn kò sí níbẹ̀.

Eruku ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí ẹ̀rọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́, nítorí iná kékeré tó máa ń wà lára èèyàn lè ba ẹ̀yà jẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku, kí ẹ sì fi ìka di fáànù mú kó má yí. Ẹ nu paste tó ti gbẹ lórí processor kúrò, ẹ fi tuntun díẹ̀ sí i. Ẹ yọ RAM, ẹ fi ìpàwérẹ́ àwọn ọmọ iléèwé ra ẹsẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ wúrà títí yóò fi dán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò gbé àwòrán jáde mọ́ ti ń jí. Bí aago bá ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkígbà tí iná bá lọ, bátìrì CR2032 ló kú.

Lẹ́yìn èyí ló kan ẹ̀tẹ̀ gan-an: háàdì dísìkì. Èyí tó dára nínú wọn ń ka nǹkan bí 150 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi SSD onísátà rọ́pò rẹ̀, òun ń ka nǹkan bí 500 MB. Kò ní sọ àwòrán géèmù di tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò tètè tàn, géèmù yóò sì tètè ṣí. Ẹ wá sọ RAM di 16 GB, ní ẹyọ méjì tó dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí motherboard yín gbà o: DDR3 kì í wọ ihò DDR4.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Power supply ni ìpìlẹ̀ ilé yìí. Ihò motherboard kì í fún graphics card ju wáàtì 75 lọ. GTX 750 Ti tó jáde ní 2014 ń jẹ nǹkan bí 60, ihò yẹn sì tó o. RX 580 ti 2017 ń jẹ nǹkan bí 185, ó sì nílò wáyà tirẹ̀. Ẹni tó bá so irú èyí mọ́ power supply gbàrọgùdù ń wá wàhálà, pàápàá níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ ra UPS. Bí card bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ní kí olùtajà fi géèmù dán an wò lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ní 14 October 2025 ni Microsoft parí ìtìlẹ́yìn fún Windows 10, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ processor àtijọ́. Linux gbà wọ́n. Láti 2018 tí iléeṣẹ́ Valve ti gbé ètò Proton jáde, ọ̀pọ̀ géèmù Windows ló ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣì kọ̀.

Bí motherboard bá kú, tí owó àtúnṣe sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíràn, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ tú ẹ̀yà tó sàn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ má jù ú sí ààtàn, ẹ má sì dáná sun wáyà rẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà: òjé inú ẹ̀rọ ń wọ ilẹ̀ àti omi tí àwọn ọmọ wa ń mu. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ Basel Convention (àdéhùn àgbáyé lórí ìdọ̀tí eléwu) fún Áfíríkà, tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, lọ́wọ́ sí fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún ní 2015 àti 2016. Ẹrù yẹn ti tó wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tọ́jú èyí tó wà nílé kí ẹ tó ra òmíràn.